Ìyá Ológbò Àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kó ọmọ ológbò mẹ́ta wá bá mi rí nínú agbọ̀n. Ó ní ìyá wọn ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti kú, ìyá wọn sì ń ké kiri ibi tí ó ti kó wọn. Oúnjẹ ni ó wá lọ.

Bí ẹ bá rí irú wọn, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ jìnnà díẹ̀, kí ẹ máa ṣọ́ ibẹ̀ fún wákàtí mélòó kan; bí ẹ bá dúró tì wọ́n, ìyá kò ní yọjú. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò dé, ẹ wá dókítà ẹranko.

Ojú ọmọ ológbò kì í là títí yóò fi pé bí ọjọ́ 7 sí 14, kò sì lè mú ara rẹ̀ móoru. Ara ìyá rẹ̀ ni aṣọ rẹ̀. Nítorí náà, ìyá ni kí ẹ bọ́: ẹja tàbí ẹran tí kò ní iyọ̀, àti omi. Ẹ má ṣe fún àwọn ọmọ ní wàrà màlúù; ìgbẹ́ gbuuru ni yóò fà. Bí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ 8, ẹ lè wá ilé fún wọn.

Ẹni tí ó bọ́ abiyamọ ti bọ́ ọmọ.