Pen Cinema: Orúkọ tí Ó Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Ilé Sinimá

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ èrò láti Ìkẹjà tàbí Ọ̀gbà lọ sí Agége yóò gbọ́ tí kọ̀ńdọ́tọ̀ ń ké pé, "Pẹ́n Sinimá! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Kò sí èrò tí í béèrè fíìmù tí wọ́n ń fi hàn níbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo wọn mọ̀ pé kò sí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ta tíkẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn ní ilé sinimá tí ó ni orúkọ yìí. Síbẹ̀, orúkọ náà wà lára oríta, ó wà lára àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì wà lára afárá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí fún lílò ní 2021. Iṣẹ́ ilé náà ti parí. Orúkọ rẹ̀ kò bá a lọ.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń fẹ́ ṣàlàyé ni ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún àdúgbò àti fún èdè Yorùbá, bí ó ṣe kógbá wọlé, àti irú ẹ̀rí tí ó fi sílẹ̀ sẹ́nu àwọn ènìyàn.

Orúkọ náà

Yorùbá a máa fi ohun tí ó wà níbì kan sọ ibẹ̀ lórúkọ. Ìdí-Àràbà, Ìdí-Ìrókò, Ojúẹlẹ́gba, Oríta-Mẹ́fà: igi, òrìṣà tàbí ọ̀nà ni ó bí wọn. Bí wọ́n bá gé igi náà lulẹ̀, orúkọ kì í tìtorí ìyẹn yí padà. Ọ̀nà kan náà ni Pen Cinema gbà di orúkọ àdúgbò, ṣùgbọ́n ìhun rẹ̀ yàtọ̀. Nínú Ìdí-Àràbà, orí ni ó ṣíwájú, ẹ̀yán sì tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bí gírámà Yorùbá ṣe fẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìlànà yẹn ni wọ́n tẹ̀lé, Sinimá Pen ni ìbá jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà wọlé ní odindi pẹ̀lú ètò Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ohun tí ẹnu Yorùbá sì ṣe sí i kò kọjá ti ìró: wọ́n fi fáwẹ̀lì aránmúpè inú "ìyẹn" pe ọ̀rọ̀ kìíní, wọ́n sì fi ohùn òkè parí èkejì. Orúkọ yìí ní ẹgbẹ́. Roxy ní Àpápá àti Danjuma ní Agége kan náà jẹ́ orúkọ ilé sinimá kí wọ́n tó di orúkọ ibùdókọ̀.

Bí sinimá ṣe dé

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù han àwọn ará Èkó, ní gbọ̀ngàn ìrántí Glover. Ilé iṣẹ́ Balboa láti Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì ni ó gbé e wá, Herbert Macaulay sì ni ó ṣe kòkáárí rẹ̀ ní Èkó. Lára àwọn àwòrán tí ó tẹ̀lé ìyẹn ni ti Aláké Gbádébọ̀ nígbà tí ó ṣe àbẹ̀wò sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1904. Ọba Yorùbá ti hàn lójú aṣọ funfun náà, nǹkan bí àádọ́rin ọdún kí odindi eré ní èdè Yorùbá tó dé ibẹ̀.

Nígbà tí ó yá, okòwò náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Lẹ́bánónì, tí Yorùbá ń pè ní Kòráà, àti àwọn ará Íńdíà. Òfin 1972 tí ó ya àwọn okòwò kan sọ́tọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà ká ilé sinimá mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ilé kọ́ ni ó ń pinnu ohun tí wọn yóò fi hàn nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń kó fíìmù wọ̀lú ni. Fíìmù Íńdíà, ti Ṣáínà àti ti Amẹ́ríkà ni ó pọ̀ jù.

Agége jẹ́ ìlú ojú irin, oko kòkó àti obì ni ó sì mú un lókìkí kí búrẹ́dì tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Òwò obì kó ọ̀pọ̀ Hausa wá síbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń fi fíìmù Íńdíà hàn ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, Yorùbá àti Hausa ni yóò jọ jókòó ti èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́.

Àwọn òǹwòran

Púpọ̀ nínú ilé sinimá àdúgbò ìgbà náà ni kò ní òrùlé. Ògiri gíga ni wọ́n fi yí ilẹ̀ ká. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣú kí eré tó bẹ̀rẹ̀, bí òjò bá sì dé, àwùjọ tú ká nìyẹn. Àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan a jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú, níbi tí ọrùn yóò ti máa ro wọ́n. Olówó a wà lẹ́yìn, lókè. Ọmọdé tí kò ní kọ́bọ̀ a gun igi tàbí ògiri ilé tí ó bá wà nítòsí. Níta, àwọn obìnrin ń din àkàrà, wọ́n ń ta ẹ̀pà, gúgúrú àti bọ̀ọ̀lì. Mẹ́súyà náà ń dáná tirẹ̀. Láti ọ̀sán ni mọ́tò ti gba àdúgbò kọjá pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí wọ́n ń polówó eré alẹ́. Òbí tí ó mọ iyì ara rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n rí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Lójú irú òbí bẹ́ẹ̀, ibi tí àwọn ọmọ ìta ti ń mugbó ni, irọ́ pátápátá kọ́ sì ni.

Ohun tí ó kan olùkọ́ èdè jù lọ ni pé ilé náà kì í dákẹ́. Òǹwòran kò gbọ́ ohun tí àwọn ará Íńdíà ń sọ, nítorí náà ó fún wọn ní ọ̀rọ̀ sọ. Bí ọ̀tá bá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn akọni, gbogbo bẹ́ǹṣì yóò pariwo pé, "Wẹ̀yìn ẹ!" Bí ìyá arúgbó bá ń sunkún, ẹnì kan yóò bá a dárò ní èdè Yorùbá, ẹlòmíràn yóò sì fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó ti wo fíìmù náà rí a di opìtàn fún gbogbo àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, kò mọ̀ ni. Ẹ máa wò ó, yóò yìnbọn fún un báyìí." Àwọn kan yóò ní kí ó gbẹ́nu dákẹ́, àwọn mìíràn yóò ní kí ó máa bá a lọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ kọ́ orin Íńdíà sórí, tí wọ́n ń kọ ọ́ délé láìmọ ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Bí fíìmù bá sì já láàárín, ẹni tí ń yí ẹ̀rọ lókè yóò gbọ́ èébú tí kò sí nínú ìwé kankan.

Ẹni tí ó bá ti jókòó nídìí àlọ́ tàbí níwájú àwọn alárìnjò kò ní ka èyí sí ìwà àìmọ̀kan. Nínú àṣà Yorùbá, ẹni tí ó ń wòran ní ipa tirẹ̀. Ó ń gbè, ó ń dáhùn, ó sì ń bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí kò bá dára. Àwọn òǹwòran sinimá kàn gbé ìṣe yẹn lọ síwájú aṣọ tí kò lè dá wọn lóhùn ni.

Láti ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ kan ti wọ èdè ìgboro. "Ákítọ̀" jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, òṣèré ọkùnrin èyíkéyìí ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Lẹ́nu àwọn òǹwòran, ìtumọ̀ rẹ̀ dín kù: akọni eré nìkan ni ákítọ̀, ọ̀gá àwọn ọ̀tá ni bọ́ọ̀sì, àwọn yòókù kò lórúkọ. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè sọ pé "ákítọ̀ kì í kú", kí ó sì bá ọgbọ́n ìṣọwọ́sọ̀tàn mu pátápátá. Títí dòní, ẹni tí ó bá rí èrò tí ó pé lé ìjà lórí lójú títì a máa bi wọ́n pé, "Ṣé sinimá lẹ̀ ń wò ni?"

Ní àwọn ọdún tí ilé wọ̀nyí ń kún dẹ́nu, àwọn onímọ̀ ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí abúlé láti gba ìjálá, ẹkún ìyàwó àti rárà sílẹ̀. Iṣẹ́ ribiribi ni, kò sí ẹni tí yóò kà á sí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ náà lọ sórí bẹ́ǹṣì iwájú ní Agége tàbí Múṣin. Ohun tí ó wá láti ìgboro kò jọ lítíréṣọ̀ lójú ọ̀pọ̀ wọn. Àdánù tí ó ti ibẹ̀ wá kò kéré.

Nígbà tí aṣọ funfun sọ Yorùbá

Ní 1976 ni Àjàní Ògún jáde, eré tí Ọlá Balógun darí, tí Adéyẹmí Afọ́láyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Òun ni fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní èdè Yorùbá. Ìjà Òmìnira tẹ̀lé e, èyí tí wọ́n gbé ka ìwé Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ. Hubert Ògúndé náà dìde: Ayé ní 1979, Jáiyésinmi ní 1980, Àròpin-ń-Tènìyàn ní 1982. Ipò àwọn òǹwòran wá yí padà. Wọn kò ní láti fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Wọ́n ń parí òwe tí òṣèré bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣe àmín sí àdúrà, wọ́n sì ń fi ìkà gégùn-ún.

Àwọn tí ó ni fíìmù wọ̀nyí kò gbé wọn fún oníṣòwò kankan bá wọn pín kiri. Bí wọ́n ti ń gbé eré orí ìtàgé kiri tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé fíìmù náà kiri: wọ́n háyà gbọ̀ngàn ilé-ìwé, hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé sinimá, wọ́n dúró ti ẹnu ọ̀nà gba owó, wọ́n sì ká fíìmù wọn padà ní òru kan náà. Wọn kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni lórí iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá tà. Ẹ̀rù wọn tọ́. Nígbà tí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982, àwọn olè da eré náà sí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á kiri. Gbèsè ńlá ni ó ti ibẹ̀ wọ̀.

Àgbéléwò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ṣàlàyé ìparun ilé sinimá ju ìwé ìtàn lọ. Òun ni "àgbéléwò". Ìhun rẹ̀ kò le: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, ọ̀rọ̀-ìṣe gbé, ọ̀rọ̀-orúkọ ilé, àti ọ̀rọ̀-ìṣe wò. Ẹnì kan lè sọ pé gbé tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn fi ọwọ́ mú nǹkan lọ ni ó wà níbẹ̀, nítorí pé wọ́n máa ń háyà kásẹ́ẹ̀tì lọ sílé. Gbé inú "gbélé" ni ó dájú jù, ìyẹn gbé tí ó jẹ mọ́ ibùgbé. Ohun tí ènìyàn jókòó sílé wò ni. Sinimá ní tirẹ̀ kò lè ṣe láìsí "lọ": ènìyàn ń lọ sí sinimá, ó ń lọ wo sinimá. Láàárín ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì yìí, lọ àti gbé, ni ilé sinimá àdúgbò ti kú.

Kì í ṣe fídíò nìkan ni ó pa á. Lẹ́yìn ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gùn lé ní 1986, náírà já wálẹ̀, ó sì wá nira láti ra fíìmù òkè òkun tàbí láti san owó iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí fíìmù ilé lẹ́yìn odi. Adigunjalè kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn fẹ́ jáde lálẹ́ mọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn òṣèré Yorùbá fúnra wọn ti mú kámẹ́rà fídíò lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn di ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ìkẹ́rùsí. Ó dà bí ẹni pé ṣọ́ọ̀ṣì ni ó yẹ wọ́n jù nínú méjèèjì, nítorí ìró "àmín" kò ṣàjèjì sí ògiri wọn.

Láti 2004, tí Silverbird ṣí sinimá ìgbàlódé ní Victoria Island, irú ilé mìíràn ti jẹyọ nínú àwọn ilé ìtajà ńlá. Fíìmù Yorùbá ń hàn níbẹ̀, ó sì ń pa owó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ níbẹ̀, àga rọ̀, ìkìlọ̀ pé kí àwọn ènìyàn dákẹ́ sì máa ń ṣíwájú eré. Ẹni tí ó bá kígbe "Wẹ̀yìn ẹ!" níbẹ̀, ojú ni wọn yóò fi wò ó.

Àwọn tí ó kígbe náà nígbà kan rí ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà báyìí. Àwọn ni wọ́n mọ orúkọ Yorùbá tí wọ́n fún àwọn òṣèré Íńdíà, èébú tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ń yí ẹ̀rọ, àti bí opìtàn ẹ̀gbẹ́ wọn ṣe ń yí ìtàn padà bí kò bá dùn mọ́ ọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá orí ọ̀rọ̀ fún àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀ lè wọ ọkọ̀ ní Ọ̀gbà ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí ó sọ fún kọ̀ńdọ́tọ̀ pé Pẹ́n Sinimá ni òun ń lọ, kí ó sì mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání.