Ọmọ tí kì í jókòó jẹun: ibi tó yẹ kó jókòó sí àti ohun tó yẹ ká ṣọ́

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ti ń rìn la fẹ́ sọ lónìí, ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: á gba òkèlè kan, á sá tẹ̀ lé adìyẹ, á tún padà wá gba òkèlè kejì. Àwọn ìyá kan ní kí la fẹ́ káwọn ṣe, àwọn kò lówó àga ọmọdé tí wọ́n ń tà ní Cotonou. Ẹ fọkàn balẹ̀, ohun tí ọmọ nílò wà nínú ilé yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tó fi ń yí kiri. Ẹ gbìyànjú kí ẹ jókòó sórí nǹkan gíga tí ẹsẹ̀ yín kò fi kanlẹ̀, kí ẹ máa jẹun níbẹ̀. Ara yín ò ní balẹ̀, àbí? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí a gbé sórí àga rọ́bà àgbàlagbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì, ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan ibi ìfẹ̀yìntì, ó ń yọ̀ bọ̀ sísàlẹ̀. A ní ọmọ ń yọni lẹ́nu, ìjókòó ni kò dáa. Àga rọ́bà sì fúyẹ́. Tí ọmọ bá dìde dúró lórí rẹ̀, tàbí tó fi ẹsẹ̀ ti tábìlì, òun àti àga á jọ ṣubú ni. Orí ló sábà máa ń kọ́kọ́ balẹ̀, torí pé orí ọmọdé wúwo tí a bá fi wé ara rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni kó wà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan, ẹ tẹ́ ẹní, ẹ na ẹsẹ̀, kí ẹ gbé e sáàárín itan yín, kó fẹ̀yìn ti ikùn yín, kí ẹ sì máa tẹ̀ díẹ̀ láti wo ẹnu rẹ̀. Èyí tó ti dàgbà díẹ̀, àpótí kúkurú tí a fi ń dáná ló dáa jù fún un: ẹ gbé e ti ògiri kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbára lé nǹkan, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀. Tí ẹsẹ̀ kò bá tólẹ̀, ẹ fi pákó sábẹ́ rẹ̀. Àpótí mìíràn níwájú rẹ̀, ìyẹn ni tábìlì. Kí ẹ̀yin náà wá jókòó kọjú sí i, kì í ṣe pé kí ẹ máa nawọ́ oúnjẹ sí i láti ẹ̀yìn.

Ẹni tó bá fẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe àga, kó ní kí ẹsẹ̀ àga fẹ̀ síta ju ibi ìjókòó lọ, kó má baà dojú dé. Tí wọ́n bá fi igi dábùú iwájú rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ so aṣọ kan gba àárín ẹsẹ̀ ọmọ, torí ọmọ lè yọ́ gba abẹ́ igi náà kí ọrùn rẹ̀ sì há. Ẹ má fi ọ̀já so ọmọ mọ́ àga kí ẹ wá lọ ro ọbẹ̀. Ọ̀já kò lè ṣe iṣẹ́ ojú yín.

Ohun kan wà tí gbogbo wa ń ṣe lọ́jọ́ ọjà. Ọmọ ń sunkún lẹ́yìn, a fún un ní bísíkíìtì tàbí ẹ̀pà, a gun zémidjan, a ń lọ. Ta ló ń wo ẹnu ọmọ yẹn? Kẹ̀kẹ́ kó sí kòtò, ọmọ mí sínú, ẹ̀pà ti bá ọ̀nà èémí lọ. Ọ̀nà èémí ọmọdé kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ rẹ̀ tó kéré jù lọ. Eyín ọ̀kánkán iwájú ló kọ́kọ́ ń hù, tí ó fi ń gé nǹkan. Èyí tí a fi ń lọ nǹkan kì í pé títí tó fi ń lọ sí nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pa èkùrọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ẹ gbọ́ o! Èkùrọ́, odindi ẹ̀pà, àgbàdo sísun, súìtì líle, kò sí èyí tó yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn. Ẹ̀pà tí a lọ kúnná sínú ògì kò burú. Ẹ yọ egungun ẹja dáadáa.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ rírọ ọmọ. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá àgbà wa lè bínú sí mi níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. A gbé ọmọ dùbúlẹ̀ sórí itan, a di ọwọ́ rẹ̀ mú, a fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, a ń da ògì sí i, torí pé kò gbà láti jókòó. Ọmọ tó ń sunkún ń mí sínú gidigidi, ògì náà lè bá èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 2010, ọmọ oṣù mẹ́wàá kan kú báyìí, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ti ń fipá da oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ìyá náà fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sanra ni. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 2011.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a máa fi sùúrù bọ́ ọmọ, ká máa bá a sọ̀rọ̀, ká má fipá mú un. Ẹ má fún un lọ́mú ní kété kó tó jẹun, kí ebi lè pa á díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú òkèlè, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ níṣẹ́ kì í tètè dìde. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó bá ń yí orí kúrò, ó ti tó, ẹ gbé abọ́ kúrò. Tó bá tún dìde lọ, oúnjẹ kò gbọdọ̀ bá a rìn. Ó máa kọ́ ọ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ògì gbígbóná kò gbọdọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ọmọ tó. Tó bá dà sí i lára, omi tútù tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á.

Tí nǹkan bá wá há ọmọ lọ́fun ńkọ́? Tó bá ń wúkọ́ kíkan, ẹ jẹ́ kó máa wúkọ́, ẹ má fún un lómi, ẹ má ki ìka bọ ọ̀fun tí ẹ kò rí inú rẹ̀. Tí kò bá lè wúkọ́, tí kò lè ké, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí orí rẹ̀ relẹ̀ ju ìdí lọ, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Tí kò bá jáde, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ dá a dùbúlẹ̀ kó kọjú sókè, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Èyí tó ti ju ọdún kan lọ, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo, ẹ fà á sínú àti sókè lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ máa ṣe méjèèjì ní ìtẹ̀léra títí yóò fi jáde, kí ẹlòmíràn ti máa wá ọkọ̀. Bó tiẹ̀ jáde, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan di aṣọ bí ọmọ, kí ẹ fi kọ́ gbígbá ẹ̀yìn náà, àwọn bàbá náà o. Ẹ má fi ọmọ tí ara rẹ̀ le kọ́ ọ.