Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Owó ọ̀gá àwọn ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà
Bí ìjọba Amẹ́ríkà tilẹ̀ ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2023 pé ìdajì àwọn ọ̀gá ẹnjiníà àti ayàwòrán-ilé ń gbà ju dọ́là 165,370 lọ lọ́dún, ìka ò dọ́gba: ẹni tó wà ní San Jose, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń já òṣìṣẹ́ gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, a máa gbà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú kékeré lọ, àmọ́ owó ilé ibẹ̀ kì í jẹ́ kí àpò wú. Ní ti ìrírí, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó kéré tán, ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n sábà ń béèrè kí wọ́n tó fi ènìyàn jọ̀gá, ẹni tó sì ti mójú tó afárá láti ìpìlẹ̀ títí ọkọ̀ fi gba orí rẹ̀ kọjá ni owó ńlá tọ́ sí lójú tèmi.