Ilẹ̀ Tí Odò Máa Padà Wá Gbà

Bí a bá sọ pé páàkì ní Kàbà, ibi tí mọ́tò ti ń kó èrò ló máa wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ fún igi, koríko àti ìgbafẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní orúkọ lẹ́nu wa, kò sì yani lẹ́nu pé kì í ní àyè nínú ètò ìlú. Ní Lọ́kọ́jà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Okun láti Kàbà àti agbègbè rẹ̀ fi ṣe ilé, a ti ń san owó àìbìkítà yìí. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bèbè Odò Ọya á gbẹ, á tẹ́ rẹrẹ bí ilẹ̀ tí kò ní olówó. Nígbà tó bá fi di oṣù Ọ̀wàrà, omi Ọya àti ti Bénúé tó pàdé níbẹ̀ á padà wá gbà á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní 2012. Ní 2022 ó tún gorí títì Lọ́kọ́jà sí Àbújá, ó bo ọ̀nà Gánájà, ìjọba àpapọ̀ sì sọ pé ó lé ní 600 èèyàn tí omíyalé ọdún náà pa káàkiri Nàìjíríà. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọgbà ìgbafẹ́ ló tọ́ sí i. Bí omi bá bo ọgbà, ẹrẹ̀ la ó kó. Bí ó bá bo ilé, ẹrù, oúnjẹ àti ìwé ẹ̀rí ọmọ ló ń bá a lọ.

Ẹ wo bí bèbè ṣe ń ya. Omi kì í ti òkè jẹ ẹ́. Abẹ́ ló ti ń họ yẹ̀pẹ̀, títí ilẹ̀ òkè á fi dà bí òrùlé tí kò ní òpó, tí á sì já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbìn sórí rẹ̀. Gbòǹgbò ọparun tó lọ́ mọ́ra wọn ló ń di irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mú. Igi ògùrọ̀ náà kì í bẹ̀rù àbàtà. Nítorí náà, kí àgbẹ̀ máa dá àkúrọ̀ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó fi ọ̀wọ́ ọparun kan sáàárín òun àti odò.

Ìbàdàn ti fi ojú rí i. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà Agodi sílẹ̀. Nígbà tí odò Ògùnpa ya ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún, 1980, omi gbá ọ̀pọ̀ ẹranko ibẹ̀ lọ, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì kú nínú ìlú. Wọ́n tún ọgbà náà ṣe, àwọn èèyàn sì ti padà síbẹ̀ láti ṣe fàájì. Àwọn tó kú kò padà mọ́. Ní Òṣogbo, èèwọ̀ ló kọ́kọ́ ṣe ọgbà yí igbó Ọ̀ṣun ká, kí UNESCO tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005: hẹ́kítà 75 ni, odò gba àárín rẹ̀ kọjá, kò sì sí ẹni tó ń kọ́ ilé síbẹ̀. (Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti sọ omi náà di pípọ́n o, ọgbà nìkan kò tó.)

Àwọn kan á ní Lagdo ni ká bá wí fún omíyalé Lọ́kọ́jà, ìdídò tí Kamẹrúùnù kọ́ láàrin 1977 sí 1982, tí èyí tó yẹ kí Nàìjíríà kọ́ sí Dasin Hausa láti gba omi rẹ̀ kò sì parí di òní. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dá omi dúró ṣì lè yan ibi tí yóò ti tẹ́ sí. Àtakò tó wúwo jù ni ti tálákà: níbo ni yóò lọ? Èmi náà kò fara mọ́ kí kátapílà wó ilé wọn. Orí ilẹ̀ tó ṣì ṣófo ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ká fi àyè sílẹ̀ fún apẹja àti ọlọ́jà lábẹ́ igi, ká má sì jẹ́ kí ilé tuntun kún ti àtijọ́.

Ti Kàbà rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Omi tó ń ṣàn ti orí òkè wá kéré, ọ̀rá píọ̀-wọ́tà ló ń dí ọ̀nà mọ́ ọn. Kí ìjọba ìbílẹ̀ tó ná owó sórí ẹnubodè aláràbarà fún ọgbà kankan, owó oṣù ẹni tí yóò máa mú àdá àti ṣọ́bìrì lọ sí etídò lóṣù Bélú, nígbà tí omi bá ti fà, ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ ìwé ìṣúná.