Kí Ni Káńsẹ́lọ̀ Ń Ṣe Nígbà Ogun?



Tí a bá gbọ́ "ogun", ṣójà àti ìbọn ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń rò ó tẹ́lẹ̀, kí n tó kà nípa John Archer, káńsẹ́lọ̀ ní Battersea, ní London níbí.

Liverpool ni wọ́n bí i sí ní 1863. Ọmọ Barbados ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ireland sì ni ìyá rẹ̀. Fọ́tò ló ń yà jẹun. Ó kọ́kọ́ di káńsẹ́lọ̀ ní 1906. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1913, àwọn káńsẹ́lọ̀ dìbò láti yan méyọ̀. Archer ní ìbò 40, ẹnì kejì ní 39. Ìbò kan péré ló fi wọlé! Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ méyọ̀ ní London.

Kò tíì pé ọdún kan lórí àga tí ogun fi dé, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 1914. Méyọ̀ kì í darí ọmọ ogun, kí ló wá kù fún un láti ṣe? Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn ọkọ ti lọ sógun, owó tí ìjọba fẹ́ san fún ìyàwó wọn sì ń pẹ́ kó tó dé. Ìjọba wá ní kí àwọn méyọ̀ kó ìgbìmọ̀ jọ ládùúgbò wọn láti pín owó ìrànwọ́. Ẹ sáà mọ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Sáà Archer gẹ́gẹ́ bí méyọ̀ parí lọ́dún yẹn, ó sì padà sí ipò káńsẹ́lọ̀. Iṣẹ́ káńsù wá ń le sí i. Ní 1916, òfin fi dandan kó àwọn ọkùnrin sógun. Ìgbìmọ̀ tí káńsù yàn ló ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó bá ní òun ò lè lọ. Ẹ rò ó wò: o ní kí ọmọ aládùúgbò rẹ lọ, o tún pàdé ìyá rẹ̀ lọ́jà lọ́jọ́ kejì! Ní 1917, káńsù tún yan ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó oúnjẹ. Nítorí ogun, wọ́n sún ìbò síwájú. Àwọn tí wọ́n yàn ní 1912, tí Archer wà lára wọn, kò tún dé iwájú oníbò títí di 1919.

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi pé ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú lè dìbò káńsù níbí, bí kò tilẹ̀ ní páásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní irọ́ ni. A jọ wò ó, òótọ́ ni. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹ má sọ pé kí ni ìbò kan fẹ́ ṣe. Ìbò kan ni Archer fi wọlé.