Abẹ̀bẹ̀ Oníbébà Ilẹ̀ Jàpáànù

Oríṣi abẹ̀bẹ̀ oníbébà méjì ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Jàpáànù ń ṣe: uchiwa, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò sì ṣeé ká, àti sensu, tí a lè ká pọ̀ kí a sì tún ṣí padà. Ìlú Kyoto ni a mọ̀ mọ́ sensu jù lọ, níbi tí àwọn ará ààfin ti ń lo abẹ̀bẹ̀ onípákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ti oníbébà tó dé.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ sensu ti jinlẹ̀ jù ni bí egungun abẹ̀bẹ̀, ìyẹn àwọn ọ̀pá ọparun tínínrín tí ó gbé e ró, ṣe ń wọ inú bébà. Ìpele bébà mẹ́ta, ó kéré tán, ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ká a ní ìṣẹ́po, oníṣẹ́ á la ìpele àárín sí méjì, á fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i kí àlàfo rẹ̀ lè ṣí, kí ó tó ki àwọn egungun tí a ti fi àtè pa bọ̀ ọ́. Ohun ìyanu ni pé èémí ènìyàn jẹ́ irinṣẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ náà pín sí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé: ẹni tí ó la ọparun kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó ká bébà, nítorí náà bí ìdílé kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìní ọmọṣẹ́, ìnira á bá gbogbo àwọn yòókù.

Ní Marugame, ní ẹkùn Kagawa, tí uchiwa pọ̀ sí jù, ara ọparun kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń la egungun àti ọwọ́ abẹ̀bẹ̀ jáde. Ìjọba fọwọ́ sí uchiwa Marugame gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ ní 1997.