Àlejò Nínú Ilé Àwọn Ọmọ ní Kẹ́ńyà

 

Àwọn ará Kẹ́ńyà, ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà, a máa pa òwe kan ní èdè Swahili: Mgeni siku mbili, ya tatu mpe jembe. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọjọ́ méjì ni àlejò fi ń ṣe àlejò. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta, ẹ fún un ní ọkọ́, kí ó bá yín lọ sí oko. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé ahun ni àwọn ènìyàn náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá fún ní ọkọ́ kì í ṣe àlejò mọ́; ó ti di ara ilé. Òwe yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn bí mo ti ń sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí nípa àwọn ilé tí a ti ń tọ́jú ọmọ ní Kẹ́ńyà, nítorí pé àlejò a máa wọ ilé wọ̀nyí púpọ̀.

Irú àwọn ọmọ wo ni ó ń gbé ibẹ̀? Bí a bá ti dárúkọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ òrukàn ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn, ọmọ tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá. Àwọn bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 àti lẹ́yìn rẹ̀, àrùn éèdì pa òbí púpọ̀ ní Kẹ́ńyà. Ní ọdún 1992, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan tí ó tún jẹ́ dókítà, Angelo D'Agostino, dá ilé kan sílẹ̀ ní Nairobi fún àwọn ọmọ tí kòkòrò àrùn náà wà lára wọn. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní Nyumbani, èyí tí í ṣe "nílé" ní èdè Swahili. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó wà ní irú ilé wọ̀nyí ni ó ní òbí tàbí ìbátan tí ó ṣì wà láàyè. Àìní ni ó gbé wọn débẹ̀: ìyá tí kò rí owó oúnjẹ, bàbá tí ó sá lọ, òjò tí kò rọ̀ ní ìgbèríko. Àwọn mìíràn sọnù ní ìgboro, ọlọ́pàá sì rí wọn, ilé-ẹjọ́ sì ní kí a fi wọ́n síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọjọ́ kan ti máa ń rí ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àgbègbè Nairobi. Ìlú náà wà lórí ilẹ̀ gíga tí ó ju 1,600 mítà lọ, nítorí náà òtútù a máa mú níbẹ̀ ní oṣù Keje, àwọn ọmọ a sì wọ ẹ̀wù òtútù lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Nǹkan kan tún wà tí yóò pa ẹ̀yin ọmọdé lẹ́rìn-ín: aago méje òwúrọ̀ tiwa ni wọ́n ń pè ní saa moja, èyíinì ni wákàtí kìíní, nítorí pé láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń ka wákàtí wọn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn ọmọ ti jí. Wọn a tẹ́ ibùsùn wọn, wọn a gbálẹ̀, àwọn àgbà inú wọn a sì wẹ̀ fún àwọn kékeré. Oúnjẹ òwúrọ̀ ni uji, tí ó dà bí ẹ̀kọ mímu tiwa gan-an. Lẹ́yìn èyí, ó di ilé-ẹ̀kọ́. Láti ọdún 2003 ni ìjọba Kẹ́ńyà ti fagi lé owó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kò gba gbogbo ọmọ tọwọ́-tẹsẹ̀. Ẹ̀rù àrùn mú kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan kọ̀ láti gba àwọn ọmọ Nyumbani. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́, ọdún 2004 ni ọ̀nà tó ṣí fún wọn.

Ní ọ̀sán, oúnjẹ lè jẹ́ githeri, àgbàdo àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jẹ àdàlú rí mọ ohun tí mò ń wí. Ní alẹ́, ó di ugali, ìyẹ̀fun àgbàdo tí a rò nínú omi híhó títí ó fi le, pẹ̀lú ewébẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní sukuma wiki. Orúkọ náà túmọ̀ sí "ti ọ̀sẹ̀ síwájú", nítorí pé ewébẹ̀ olówó pọ́ọ́kú ni, òun ni ìdílé tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn fi ń ti ọ̀sẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọn a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, wọn a gbàdúrà, wọn a sì sùn. Ní ọjọ́ Sátidé, aṣọ fífọ̀ àti bọ́ọ̀lù gbígbá ni.

Ìgbésí ayé yìí kò burú. Ọmọ ń jẹun, ó ń kàwé, ó ń sùn lábẹ́ òrùlé. Kí ni ó wá kù? Ohun tí ó kù ni ẹni tí ọmọ náà lè pè ní tèmi. Ní ilé tí ọmọ pọ̀, obìnrin kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń fà láṣọ. Òun náà a máa lọ sí ilé tirẹ̀ bí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí, ẹlòmíràn a sì wá gba ipò rẹ̀. Inú àyè tí ó ṣófo yìí ni àlejò ń wọ̀ sí.

Òpin ọ̀sẹ̀ ni àlejò máa ń pọ̀, pàápàá ní oṣù Kejìlá. Àwọn ará ìjọ a wá, àwọn ọmọ yunifásítì a wá, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ a wá, àwọn òyìnbó tí ń lo ìsinmi wọn náà a sì wá. Wọn a kó ìrẹsì, ṣúgà, ọṣẹ àti ìwé wá. Àwọn ọmọ a to ara wọn, wọn a kọrin, wọn a ní "Karibu", èyíinì ni "Ẹ káàbọ̀". Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú tín-ínrín ẹ̀bùn wọ̀nyí. Ilé mìíràn wà tí kò ní rí oúnjẹ sè bí kò bá sí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Nígbà púpọ̀, bí àlejò bá ti wọlé, ọmọ kékeré kan a sáré wá dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, a sì na ọwọ́ pé kí ó gbé òun. Inú àlejò a dùn, a ní, "Ẹ wo bí ọmọ yìí ti fẹ́ràn mi!" Ẹ̀yin ìyá tí ń gbọ́ mi, kí ni ọmọ tiyín máa ń ṣe bí ó bá rí àjèjì? Ẹ̀yìn ìró yín ni yóò sá sí, a sì máa yọjú wò ó níbẹ̀. Ọmọ tí ń sá fún àjèjì mọ ẹni tí í ṣe tirẹ̀. Ọmọ tí ń dì mọ́ gbogbo ẹni tí ó bá wọlé kò tíì rí ẹni tirẹ̀ ni. Nígbà tí àlejò náà bá sì lọ ní ìrọ̀lẹ́, tí kò padà wá mọ́, ọmọ náà ti tún pàdánù ẹnìkan. Òmíràn á wá ní Sátidé tí ń bọ̀, òun náà á sì lọ.

Nǹkan ayọ̀ ni ọjọ́ ìjáde jẹ́ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí. Bọ́ọ̀sì a dé, orin a ta. Ní Nairobi, kò pọn dandan kí a lọ jìnnà kí a tó rí ẹranko, nítorí pé ọgbà ẹranko ńlá kan wà létí ìlú, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1946. Kìnnìún, àgùfọn àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ń rìn níbẹ̀, ẹni tí ń wò wọ́n sì lè rí àwọn ilé gíga ìgboro lẹ́yìn wọn.

Nínú ọgbà yìí kan náà ni ilé àwọn ọmọ erin tí kò ní ìyá wà. Daphne Sheldrick, tí ó kú ní ọdún 2018, ni ó dá ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú wọn sílẹ̀ ní ọdún 1977. Àwọn ọdẹ tí ń wá eyín erin ni ó pa ìyá àwọn mìíràn, ọ̀dá ni ó pa ti àwọn mìíràn. Ó pẹ́ kí Sheldrick tó rí wàrà tí ó bá inú ọmọ erin mu, nítorí pé ọ̀rá inú wàrà màlúù kò bá wọn lára mu. Òróró àgbọn ni ó wá ràn án lọ́wọ́. Ọkùnrin aláṣọ àwọ̀ ewé kan ni ó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ erin lóru. Àwọn olùtọ́jú náà ń gbà á fún ara wọn, kí ọmọ erin má baà gbójú lé ẹnìkan ṣoṣo, kí ó sì ṣàárẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹni náà kò bá sí níbẹ̀. Bí ó bá tó bí ọmọ ọdún mẹ́ta, wọn a gbé e lọ sí ìhà Tsavo, níbi tí yóò ti kọ́ ìwà erin lọ́dọ̀ àwọn erin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, títí yóò fi bá wọn wọ inú igbó lọ. Àwọn abo kan ti padà wá pẹ̀lú ọmọ tiwọn, wọ́n wá fi í han àwọn tí ó tọ́ wọn.

Àlejò ńkọ́? Wákàtí kan péré lóòjọ́ ni a gbà kí ọ̀pọ̀ èrò wá wò wọ́n, láti aago mọ́kànlá sí aago méjìlá, ẹ̀yìn okùn ni wọ́n sì ń dúró sí. Ẹ ronú sí i, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. A fi okùn sí àárín àlejò àti ọmọ erin. Bẹ́ẹ̀ ni ilé àwọn ọmọ ènìyàn wà tí àjèjì lè wọ̀ nígbàkúgbà, kí ó gbé ọmọ tí ó bá wù ú, kí ó ya àwòrán rẹ̀ lọ sí ilé.

Àwọn ará Kẹ́ńyà pàápàá ti rí i pé ó yẹ kí nǹkan yí padà. Ní ọdún 2017, ìjọba dá ìforúkọsílẹ̀ ilé ọmọ tuntun dúró. Ní ọdún 2022, wọ́n ṣe òfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé, wọ́n sì gbé ètò ọlọ́dún mẹ́wàá kalẹ̀ láti máa dá àwọn ọmọ padà sí ọ̀dọ̀ òbí, ìbátan, tàbí ìdílé mìíràn tí yóò gbà wọ́n bí ọmọ. Ní Kitui, àwọn Nyumbani dá abúlé kan sílẹ̀ tí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà kan ti ń gbé ilé kan pẹ̀lú àwọn ọmọ bíi mẹ́wàá. Àgbà tí ọmọ rẹ̀ kú rí ọmọ, ọmọ tí òbí rẹ̀ kú sì rí àgbà.

Òwe wa sọ pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n igba ènìyàn tí òwe náà ń wí kì í ṣe igba àjèjì tí ń kọjá lọ. Aládùúgbò ni, ìbátan ni, àwọn tí ó mọ orúkọ ọmọ náà, tí yóò sì wà níbẹ̀ lọ́la.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí olùkọ́ yín bá mú yín lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìlú tiyín, ẹ má ṣe bi ọmọ kan léèrè pé, "Ìyá rẹ dà?" Ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì bá a gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ óò padà wá bí ẹ kò bá ní padà. Ẹ̀yin àgbà, kí ẹ tó ra nǹkan lọ, ẹ bèèrè ohun tí ó kù wọ́n kù lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú ọmọ náà. Ẹ tún bèèrè bóyá ìyá àgbà kan wà ní abúlé kan tí ì bá gba ọmọ yìí, bí ó bá rí ẹni ràn án lọ́wọ́ ní owó oúnjẹ àti aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Ìyẹn ni ọkọ́ tí òwe àwọn ará Kẹ́ńyà ń fún àlejò ní ọjọ́ kẹta. Ó wúwo ju ìrẹsì lọ, ṣùgbọ́n òun ni yóò mú ọmọ délé.

Ó dàárọ̀ o.